Mo Sanwó Kí Wọ́n Kọ́ Mi Bí Wọ́n Ṣe Ń Jókòó Jẹ́ẹ́

Èjìká ló gbé mi débẹ̀. Ọdún 29 rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Mókọ́lá n'Íbàdàn, ẹni tó bá sì ti jókòó ti màṣíìnì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. Kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èjìká méjèèjì á ti gòkè wá bá etí, ọrùn á sì le bí ọmọ odó. Dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní kí n máa sinmi. Mo ní mò ń sinmi, ṣebí mò ń wo fíìmù lálẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn kọ́ lòun ń sọ. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Manchester gbọ́ sí i, ó tú fóònù rẹ̀, ó rí ibì kan n'Íbàdàn níbí tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ìfarabalẹ̀, ó sanwó, ló bá pè mí: "Mọ́mì, Sátidé mẹ́fà péré ni o. Ẹ má sọ pé aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀." Aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀ lóòótọ́. Mo lọ.

Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Dídùn wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, kíkan náà wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní mo ba ọjà òun jẹ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ilé oògùn wà nísàlẹ̀, ìyá tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. ₦30,000 ni fún ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tíì àti omi wà nínú ẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, owó iṣẹ́ aṣọ mẹ́ta tó ní láínìn nìyẹn, nítorí náà ojú télọ̀ ni mo fi wò ó látòkè délẹ̀.

Ohun tí wọ́n ní àwọn ń kọ́ wa ni ìmúrasílẹ̀ fún àṣàrò àti fífojú inú wo nǹkan. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí wá ni a ń múra sílẹ̀ fún níbẹ̀? Kéèyàn jókòó, kó dijú, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí tíṣà wa ṣàlàyé pé ara tó le kò lè gbé ọkàn tó rọ̀, ó yé mi kíá. Kò sí télọ̀ gidi tó ń fi síṣọ́ọ̀sì kan aṣọ tí kò tíì lọ̀. Aṣọ tó wún, bó o ṣe wọ̀n ọ́n kọ́ ni yóò ṣe rí tó o bá rán an tán.

Tíṣà náà kò tíì pé ọdún 35, ọmọ Ìjẹ̀bú, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. A jẹ́ mọ́kànlá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí gbogbo wa sùn gbalaja lórí ẹní rọ́bà. Ẹní náà fẹ́lẹ́ jù. Ẹni tó bá ní egungun ìdí bíi tèmi, kó mú aṣọ ìbora lọ, torí wọn ò ní in. Ó wá ní ká di ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, ká dì í dáadáa, ká ka oókan dé eéje, ká wá jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ o, lẹ́ẹ̀kan náà ni. Lẹ́yìn náà ká dákẹ́ bí ìdajì ìṣẹ́jú, ká máa wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọwọ́ tí a tú àti èyí tí a kò tíì kàn. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an lẹ̀kọ́ ibẹ̀. Mo rò pé ọwọ́ òsì mi ń sinmi jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀, àṣé irọ́ ni. Nígbà tí ọ̀tún tú ni mo tó mọ̀ pé òsì ṣì ń di nǹkan mú.

Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Edmund Jacobson, ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀, ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀ jáde ní Chicago ní 1929. Ohun tó rí ni pé ọkàn tó ń dààmú kì í dá dààmú, ó máa ń fa iṣan ara le pẹ̀lú, àti pé bí èèyàn bá kọ́ iṣan láti tú, ọkàn náà á rọ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ oṣù ni Jacobson fi ń kọ́ èèyàn. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló gé e kúrú, wọ́n sì pín ara sí ọ̀nà 16: ọwọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún, òsì bẹ́ẹ̀, iwájú orí, ojú àti imú, ẹnu, ọrùn, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n gé kúrú yìí ni tíṣà wa lò, ó sì lò ó dáadáa, kò kánjú.

Nígbà tó kan èjìká, ó ní ká gbé e sókè títí yóò fi fẹ́ kan etí. Tèmi kò rí ibi lọ mọ́. Ibẹ̀ ló ti wà láti àárọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu ni mi ò ní gbàgbé. Ó ní ká fi ètè tẹ ètè, ká fi eyín há eyín, ká kà dé eéje, ká wá jẹ́ kí àgbọ̀n já wálẹ̀. Bí àgbọ̀n mi ṣe já báyìí, ọwọ́ mi sáré lọ sí abẹ́ àgbọ̀n láti gba nǹkan tó fẹ́ bọ́. Píìnì ni. Ọdún 29 ni mo ti ń fi ètè há píìnì, mẹ́rin, márùn-ún, nígbà míì mẹ́jọ, tí mo bá ń gé aṣọ sí oníbàárà lára. Kò sí píìnì kankan lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò mọ̀. Mo sùn sílẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ lábẹ́ àgbọ̀n, omi sì bọ́ lójú mi, mi ò mọ ìdí. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan yìí nìkan ni wọ́n gba ₦30,000 lé lórí, mi ò ní bínú.

Wàhálà kan ṣẹlẹ̀ ṣáá o. Kò sọ fún wa pé a kì í fún iṣan ẹsẹ̀ pọ̀ tó ti ọwọ́. Nígbà tí mo na ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún, pajápajá mú mi ní iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀, mo kígbe "Ye!", gbogbo èèyàn là ojú. Ó wá sáré sọ pé ìdajì agbára ti tó. Ó yẹ kó ti sọ ọ́ ṣáájú.

Ọ̀sẹ̀ kejì, èémí ni. Ọwọ́ kan lórí àyà, ọwọ́ kan lórí ikùn, ti ikùn ni kó máa gòkè. Mímí sínú jẹ́ ẹẹ́rin, mímí síta jẹ́ ẹẹ́fà. Ó ní nígbà tí èèyàn bá ń mí síta ni ọkàn máa ń rọra lù, nígbà tó bá ń mí sínú ló máa ń yára díẹ̀, pé ìdí tí a fi ń fa ti ìta gùn nìyẹn. Èmi kì í gba nǹkan gbọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìka sí ọrùn ọwọ́ mi níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, mo fetí sí i. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ń ka èyí, ẹ dán an wò ní ibi tí ẹ wà yẹn, kò gbówó.

Ibẹ̀ náà ni ìjà àkọ́kọ́ ti wáyé. Lẹ́yìn ẹẹ́rin àti ẹẹ́fà, ó ní ká máa mí sínú, ká dá a dúró, ká mí síta, ká tún dá a dúró, ẹẹ́rin ẹẹ́rin. Mo na ọwọ́ sókè. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, èmi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé kí n máa dá èémí dúró?" Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ fi tiyín sílẹ̀ lórí ẹẹ́rin àti ẹẹ́fà." Ìdáhùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni mo béèrè? Ọmọ mi sanwó, wọ́n gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ń ṣe é. Èmi kì í gé aṣọ fún ẹni tí mi ò tíì wọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìpọkànpọ̀, òun ni mo sì gbádùn jù lẹ́yìn ti píìnì. Wọ́n tan àbẹ́là kọ̀ọ̀kan síwájú wa, ìwọ̀n apá kan sí ojú, kí ahọ́n iná bá ojú dọ́gba. A ó tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú títí ojú yóò fi máa ṣomi, a ó wá dijú, a ó di àwòrán iná tó kù lójú mú títí yóò fi parẹ́. Àwọn ará Íńdíà ló ni ín, trataka ni wọ́n ń pè é, ó ti pẹ́ nínú yoga wọn. Ìyá kan tó jókòó lápá òsì mi yọ àbẹ́là tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bi mí pé ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi wá ṣe nǹkan. Mo ní, "Màámi, ẹ wo iná náà bí ẹ ṣe ń wo ìkòkò ẹ̀wà tí ẹ̀ ń dúró dè." Ó rẹ́rìn-ín, ó fà á sún mọ́ra.

Fáànù òkè ò jẹ́ kí iná dúró. Ó ń jó sọ́tùn-ún, ó ń jó sósì, ojú wa ń tẹ̀ lé e. Wọ́n pa fáànù, ooru mú wa, wọ́n tún tan án. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a yí títí wọ́n fi mú iná mànàmáná lọ pátápátá. Èmi rò pé ọjọ́ ti bàjẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, fáànù yí díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ahọ́n iná mọ́kànlá sì nà róró lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ bí gbogbo yàrá ṣe mí síta. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò gbin. Ẹ̀rọ ata ló wá tú wa ká. (Ẹni tó bá ní wárápá, tàbí àìsàn ojú bíi glaucoma, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó tẹjú mọ́ iná. Èyí náà, èmi ni mo ń sọ ọ́ o, wọn ò sọ ọ́ níbẹ̀.)

Lẹ́yìn àbẹ́là, a ka èémí: oókan dé ẹẹ́wàá lórí mímí síta, ká tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan, bí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti Zen ṣe ń ṣe é ní Jàpáànù. Ẹ má fojú kéré ẹ̀. Oókan, mo wà níbẹ̀. Eéjì, mo wà níbẹ̀. Kó tó di ẹẹ́rin, mo ti dé Gbági, mò ń ná láínìn aláwọ̀ wúrà. Mo padà. Ó tún di ẹẹ́rin, mò ń bá oníbàárà kan tó jẹ mí lówó láti ọdún Iléyá jà nínú ọkàn mi. Mo sọ fún tíṣà pé orí mi ò gbà á. Ó ní, "Mà, nígbà tí ẹ mọ̀ pé ẹ ti lọ, kí lẹ ṣe?" Mo ní mo padà sí oókan. Ó ní iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn, pé kì í ṣe dídé ẹẹ́wàá. Bí ìgbà tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá rán apá aṣọ sódì: tú u, tún un rán, má sunkún lé e lórí. Láti ọjọ́ yẹn dòní, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo máa ń dé ẹẹ́wàá láìsọnù, tí n bá sọ òótọ́.

Ohun kan tí mi ò retí ni pé ó tú àṣírí mi fún ara mi. Láti kékeré ni mo ti ń fa tẹ̀sùbáà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tó fura pé ìka mi ló ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ọkàn mi ti wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ti dókítà Jámánì kan ni, Johannes Schultz, tó gbé tirẹ̀ jáde ní 1932. Èèyàn á máa sọ ọ́ fún ara rẹ̀ pé ọwọ́ òun wúwo, ọwọ́ òun ń móoru, ọkàn òun ń lù jẹ́jẹ́, èémí òun rọ̀, ikùn òun móoru, iwájú orí òun tutù. Òyìnbó ni tíṣà fi ń sọ gbogbo ẹ̀. Òyìnbó ló fi kọ́ wa láti ọ̀sẹ̀ kìíní, ọmọ Ìjẹ̀bú yìí, ìyá ẹ̀gbẹ́ mi kò sì gbọ́ ju ìdajì lọ. Mo sọ ọ́ lóyìnbó, ọwọ́ mi kò wúwo rárá. Mo wá yí i sí Yorùbá nínú ọkàn mi. "Ọwọ́ mi wúwo." Ọwọ́ mi wọlẹ̀ bí ẹni gbé irin ìlọṣọ. Nígbà tí mo dé "orí mi tutù", ṣé ẹ̀yin náà ò rí i? Àdúrà tí ìyá ìyá mi ń gbà fún wa láràárọ̀ nìyẹn. Mi ò nílò ará Jámánì kankan láti túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá sí ìyá ẹ̀gbẹ́ mi létí, ó sùn lọ, ó hanrun.

Ó yẹ kí n yìn wọ́n fún nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin kan ṣàdédé dìde jókòó, àyà rẹ̀ ń já, ó ní bí ara òun ṣe ń rọ̀ ni ẹ̀rù ń ba òun. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan. Tíṣà kò fi ipá mú un. Ó ní kó la ojú, kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kó dárúkọ nǹkan márùn-ún tó ń rí nínú yàrá. Ó dárúkọ fáànù, ó dárúkọ ògiri, ó dárúkọ gèlè mi. Ara rẹ̀ balẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dàrú nìyí. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà ni fífojú inú wo nǹkan, ohun tí a tìtorí ẹ̀ ń múra láti ọjọ́ yìí wá. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ dá tíṣà dúró, ó dé pẹ́, ó ní ká dijú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ́ dídì, kò sí èémí. Mo bi í léèrè. Ó ní a ti ṣe ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ṣé nítorí pé mo lọ aṣọ lóṣù tó kọjá, kí n má lọ tòní? Ó tẹ ohùn kan lórí fóònù rẹ̀, ohùn obìnrin òyìnbó, ó ní ká máa rìn létí òkun, yanrìn funfun, omi ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lọ sí Bar Beach l'Ékòó nígbà tó ṣì wà, bàtà mi ọ̀tún bá omi lọ, ẹsẹ̀ kan ni mo fi wọ mọ́tò. Gbogbo bí obìnrin yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ omi, bàtà ni mò ń wá.

Mo bá fi tirẹ̀ sílẹ̀. Mo di ẹ̀ṣẹ́ mi, mo tú u, mo jẹ́ kí àgbọ̀n já, mo ka èémí dé ẹẹ́ta, mo wá lọ sí ilé ìyá ìyá mi n'Ísẹ́yìn. Mo gbọ́ òfì kí n tó rí i: ká-ká, ká-ká, àwọn ahunṣọ jókòó lẹ́sẹẹsẹ lábẹ́ ìbòrí páànù, òwú kálukú nà síwájú lórí ilẹ̀ títí dé ibi tí òkúta ti dì í mú. Igi kékeré tó gbé òwú ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹtù wà lórí òfì ẹni àkọ́kọ́, dúdú bí òru, àlàárì wà lórí ti ẹnì kejì. Òórùn ẹlú wọ imú mi. Mo rí òkúta náà tó ń fà díẹ̀díẹ̀ sún mọ́ ahunṣọ bí aṣọ ṣe ń gùn sí i, ó ń fi ìlà sílẹ̀ nínú eruku. Mi ò tíì rántí ìlà yẹn láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n ní ká là ojú, èjìká mi wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí.

Ó béèrè ohun tí kálukú rí, mo sọ tèmi. Ó ní, "Ó dára, mà, ṣùgbọ́n etí òkun ni ká gbájú mọ́." Mi ò dá a lóhùn. Ọ̀sẹ̀ kẹfà wá burú jùyẹn lọ: ká fojú inú wo mọ́tò tí a fẹ́, ká wo kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ́wọ́ wa, ká wo owó ní báǹkì. Nígbà tí a là ojú, wọ́n ti gbé fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ kejì síwájú wa, ₦80,000. Mo mu tíì mi, mo jẹ bisikíìtì méjì, mo lọ sílé.

Bí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní máàkì, mẹ́fà nínú mẹ́wàá, mẹ́ta nínú mẹ́fà náà jẹ́ ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó béèrè bóyá wọ́n lè gba owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kó mú ìbora lọ. Kó sọ àìsàn rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó béèrè, torí wọn ò ní béèrè. Kó sì mú àwòrán tirẹ̀ dání láti ilé, ibi tó mọ òórùn rẹ̀.

Èmi ṣì ń ṣe é. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, lórí àga, kì í ṣe lórí ẹní: ọwọ́, èjìká, àgbọ̀n, èémí gígùn mẹ́wàá, kíkà ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà Ìsẹ́yìn. Kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mò ń lò ó lọ, dókítà kò ní kí n dá a dúró, èmi náà kò sì bi í.

Mo ra tìmùtìmù píìnì kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́. Lọ́jọ́ kìíní tí mo lò ó, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi wò mí títí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé eyín ń dùn yín ni?"